Ìtẹ́lọ́rùn àti owó kajú

Ọ̀kun o, ẹ̀yin ará ilé. Wàásí lórí ìtẹ́lọ́rùn pọ̀ lọ́dọ̀ wa, láti Kàbà títí dé Ìsánlú, àmọ́ púpọ̀ nínú rẹ̀ máa ń parí sórí pé ká ṣe sùúrù, ọ̀run dára ju ayé lọ. Òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n ẹni tó jẹ alájàpá ní gbèsè ní oṣù keje, tí iṣu tuntun kò sì tíì jáde, ó máa ń ṣòro kó gbọ́ wàásí yẹn. Èrò tèmi ni pé ọwọ́ la fi ń ṣe ìtẹ́lọ́rùn kó tó wọnú ọkàn, àti pé láàárín àwa tí oko ń bọ́, ọ̀sẹ̀ tí owó kajú bá wọlé la ti ń mọ ẹni tó máa ní in lọ́dún náà.

Ànọ́bì Muhammad (kí ìkẹ́ àti ọlà Ọlọ́hun máa bá a) sọ pé ọrọ̀ kì í ṣe ọ̀pọ̀ dúkìá, ọrọ̀ ọkàn ni ọrọ̀. Gbogbo wa la mọ èyí. Èyí tí a kì í fi bẹ́ẹ̀ gbọ́ ni hàdíìsì tí Muslim, ọ̀kan nínú àwọn àáfà àtijọ́ tó kó ọ̀rọ̀ Ànọ́bì jọ sínú ìwé, gbà wá nípa ọkùnrin kan tó gbọ́ ohùn látinú ìkùukùu pé kí ìkùukùu náà lọ bomi rin oko lágbájá. Ìkùukùu da omi rẹ̀ sílẹ̀, ọkùnrin yìí sì tẹ̀lé omi náà títí ó fi bá ẹni tí wọ́n dárúkọ, tó ń darí omi nínú oko rẹ̀, ó sì bi í pé kí ló ń ṣe. Àgbẹ̀ náà ní òun máa ń wo ohun tó bá ti oko jáde: òun á fi ìdá kan nínú mẹ́ta ṣe sààrà, òun àti ará ilé òun á jẹ ìdá kan, òun á sì dá ìdá kan padà sínú oko. Ó tán. Kò wo ojú ẹnikẹ́ni nínú ìṣirò yẹn, ẹ tún un kà.

Èso kajú wa máa ń bọ́ láti bí oṣù kejì sí oṣù kárùn-ún, owó rẹ̀ sì máa ń ya wọlé lẹ́ẹ̀kan náà bí òjò àkọ́rọ̀. Ká ní ẹnì kan rí 600,000 náírà. 200,000 jẹ́ ti oko: owó ṣíṣán abẹ́ igi kí èso tó bẹ̀rẹ̀ sí í bọ́, torí inú koríko gíga ni èso ń sọnù sí, àti owó ṣíṣán ilà iná yí oko ká kí ọyẹ́ tó mú, torí iná ìgbẹ́ lè jẹ igi ọdún mẹ́wàá lọ́sàn-án ọjọ́ kan. Ẹni tó bá fi owó yìí ra fóònù, èso ọdún tó ń bọ̀ ló fi rà á.

200,000 kejì jẹ́ ti ẹnu. Ibí ni àwọn kan ti ń sọ pé kíkó oúnjẹ pamọ́ jẹ́ àìgbẹ́kẹ̀lé Ọlọ́hun. Umar, ọ̀kan nínú àwọn sàábé Ànọ́bì, sọ ọ́, ó sì wà nínú ìwé hàdíìsì Bùkáárì, pé Ànọ́bì máa ń kó oúnjẹ ọdún kan pamọ́ fún ará ilé rẹ̀. Nítorí náà, ẹ ra ọkà bàbà àti ẹ̀wà nígbà tí owó ṣì wà lọ́wọ́, kò tíì wọ́n nígbà yẹn bó ṣe máa wọ́n ní oṣù kẹfà. Ẹ sá a kó gbẹ dáadáa. Tí ẹ bá fi eyín gé e, kó dún, kó má tẹ̀. Àpò onípele mẹ́ta ló dára jù fún un, ọ̀rá méjì nínú, sáàkì lóde. Ẹ kún un, ẹ fún afẹ́fẹ́ jáde, ẹ di ọ̀rá àkọ́kọ́ lẹ́nu, lẹ́yìn náà ìkejì, lẹ́yìn náà sáàkì, ọ̀kọ̀ọ̀kan lọ́tọ̀. Kòkòrò tó bá wà nínú rẹ̀ á kú torí àìrí afẹ́fẹ́, ẹ kò nílò oògùn kankan. Nǹkan mẹ́ta ló ń bà á jẹ́: ọkà tí kò gbẹ, tí yóò bu, eku tó gé ọ̀rá, àti ìyálé tó ń tú àpò lójoojúmọ́. Ẹ bu ti ọ̀sẹ̀ méjì sínú ike, ẹ tún un dì.

Ìdá kẹta ló ń dá wàhálà sílẹ̀. Sààrà ni ọkùnrin inú hàdíìsì fi tirẹ̀ ṣe, kì í ṣe aṣọ ẹbí. Ní ilẹ̀ wa, Mùsùlùmí àti Kìrìsìtẹ́nì wà nínú ẹbí kan náà, òkú àti ìgbéyàwó méjèèjì ló ń kan gbogbo wa, n kò sì ní sọ pé kí ẹnikẹ́ni kẹ̀yìn sí ẹbí. Ohun tí mo ń sọ ni pé kí òbí àti aláìní gba tiwọn láti inú rẹ̀ ná, kí ìnáwó ẹbí gba ìyókù, tó bá sì tán kí a sọ fún wọn pé ó tán lọ́dún yìí. Ọ̀rọ̀ yẹn kì í pa èèyàn. (Ní ti sàká, ìlànà Máálíkì tí ọ̀pọ̀ wa ń tẹ̀lé kò fi í sórí èso kajú fúnra rẹ̀, owó rẹ̀ ni, tó bá pé iye gíráàmù 85 wúrà, tó sì lo ọdún kan lọ́wọ́ ẹni. Àgbàdo àti ọkà bàbà ló ní ti oko: ìdá kan nínú mẹ́wàá tí òjò bá ló bomi rin ín, bí ìkórè bá ti tó bíi kílò 650.)

Ibi tí ìtẹ́lọ́rùn ti ń fọ́ jù ni ìgbà tí owó bá tán, tí alájàpá sì dé pẹ̀lú owó lọ́wọ́: "Ta kajú ọdún tó ń bọ̀ fún mi lórí igi." Wọ́n á wo igi, wọ́n á dá iye, àdéhùn ti parí. Ànọ́bì kọ̀ fún wa láti ta èso kó tó hàn pé ó ti ń pọ́n, ó sì béèrè pé bí Ọlọ́hun bá dá èso náà dúró, kí la fi máa jẹ owó ọmọ ìyá wa? Ẹni tó ti rí òdòdó kajú tó gbẹ dànù lórí igi yóò mọ ohun tí ìbéèrè yẹn ń sọ.

Ọ̀nà tó tọ́ wà. Nígbà tí Ànọ́bì dé Mẹ̀dínà, ó bá wọn níbi tí wọ́n ti ń san owó èso sílẹ̀ ní ọdún kan àti ọdún méjì ṣáájú. Kò dá wọn lẹ́kun. Ó ní kí ẹni tó bá fẹ́ ṣe é ṣe é lórí òṣùwọ̀n tí a mọ̀, ìwọ̀n tí a mọ̀, títí di ọjọ́ tí a mọ̀. Sálàmù ni wọ́n ń pè é. Kílò la ń tà, a kì í dárúkọ igi: ká sọ pé kílò 300 èso tó ti gbẹ, kó dé Kàbà, ní ọjọ́ kẹẹ̀ẹ́dógún oṣù kẹrin, kí gbogbo owó rẹ̀ sì wọlé lọ́jọ́ àdéhùn, kí a kọ ọ́ sílẹ̀ níwájú ẹlẹ́rìí méjì. "Tí kajú bá ti dé" kì í ṣe ọjọ́. Àbọ̀ owó lónìí, àbọ̀ tó bá yá, ìyẹn náà bà á jẹ́. Bí ọjọ́ bá sì pé tí èso kò pé, sùúrù ló kàn tàbí kí a dá owó rẹ̀ padà. Bí alájàpá bá fi nǹkan lé e, èlé nìyẹn. Ẹ rántí pé bí oko yín kò bá so rárá, kílò náà ṣì wà lọ́rùn yín, nítorí náà ẹ má ta ju ìdajì ohun tí oko yín mú wá ní ọdún tó burú jù. Ànọ́bì fúnra rẹ̀ máa ń tọrọ ààbò kúrò lọ́wọ́ gbèsè nínú ìrun. Wọ́n bi í léèrè ìdí rẹ̀, ó ní ẹni tó bá jẹ gbèsè, tó bá sọ̀rọ̀ á purọ́, tó bá ṣàdéhùn á yẹ̀ ẹ́.

Ẹ má sì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fi ìtẹ́lọ́rùn dí yín lẹ́nu. Òṣìṣẹ́ tí wọn kò san owó oṣù rẹ̀ ní ẹ̀tọ́ láti béèrè. Nínú hàdíìsì Bùkáárì, Ọlọ́hun ní Òun ni Òun máa bá ẹni tó gba òṣìṣẹ́, tó ṣiṣẹ́ fún un tán, tí kò sì san owó rẹ̀, ṣẹjọ́ lọ́jọ́ Àlùkìyámọ̀.

Ti wíwo ẹlòmíràn kò gùn. Hàdíìsì Muslim ní ká máa wo ẹni tó wà nísàlẹ̀ wa, ká má baà fojú kéré ìdẹ̀ra Ọlọ́hun. Ẹ pa ohùn àwọn tó ń gbé ilé àti mọ́tò sórí WhatsApp yín mọ́lẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ mẹ́rin, kí ẹ wò ó.

Ti àríyá ló ṣòro. Bí a gún iyán nínú ewé, bí a se ọbẹ̀ nínú èèpo ẹ̀pà, ẹni máa yó á yó. Bùkáárì gbà á wá pé múúdù méjì ọkà báálì ni Ànọ́bì fi ṣe wòlíímà, ìyẹn àsè ìgbéyàwó, ọ̀kan nínú àwọn ìyàwó rẹ̀. Múúdù kan kò ju ẹ̀kún àtẹ́lẹwọ́ méjì pọ̀ lọ. Mudu ọjà wa tóbi jù ú lọ dáadáa. Nígbà tí Jáfárù, ìbátan Ànọ́bì, kú, Ànọ́bì ní kí àwọn èèyàn se oúnjẹ lọ fún ará ilé rẹ̀. Lónìí, ẹni tí èèyàn rẹ̀ kú ló ń yáwó se oúnjẹ fún wa nídìí fídáù, tí a tún ń ṣàròyé pé ẹran kéré.

Ní ti Iléyá, kò sí ọ̀ranyàn lọ́rùn ẹni tí kò ní. Ànọ́bì pa àgbò kan fún ara rẹ̀ àti àwọn tí kò rí pa nínú ìjọ rẹ̀. Ẹni tó bá ṣì fẹ́ pa tirẹ̀ láìjẹ gbèsè, kó ra ọmọ àgbò lẹ́yìn ọdún, nígbà tí owó rẹ̀ bá wálẹ̀, kó rí i pé yóò ti pé ọdún kan kó tó di Iléyá tó ń bọ̀, kó sì máa fi èèpo iṣu àti èèpo ẹ̀gẹ́ bọ́ ọ. Ẹ sá èèpo ẹ̀gẹ́ sóòrùn kó gbẹ kanranjangban kí ẹ tó fún un. Tútù rẹ̀ lè pa á.