CBN gé èlé, ṣùgbọ́n gbèsè yín ò dínkù

Látìgbà tí CBN, báńkì àpapọ̀ Nàìjíríà, ti gé èlé láti 27.50% sí 27% ní oṣù Kẹsàn-án 2025, ọ̀pọ̀ ọlọ́jà l'Ọ́jà Ọba Àkúrẹ́ àti àwọn tó ń ra kòkó l'Ìdànrè ló gbà pé èlé orí owó tí wọ́n yá ti dínkù nìyẹn. Kò rí bẹ́ẹ̀ rárá.

Iye èlé tí CBN ń kéde, tí wọ́n ń pè ní MPR, àárín òun àtàwọn báńkì ló wà. Bí ìwé àdéhùn yín bá ti sọ pé èlé kò ní yí, kò kàn yín. Nígbà tí MPR fò láti 18.75% sí 22.75% lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo ní oṣù Kejì 2024, tó ya ọ̀pọ̀ èèyàn lẹ́nu, kò yẹ kí irú àdéhùn bẹ́ẹ̀ fi kọ́bọ̀ kan lé èlé yín.

Ẹ jẹ́ ká ṣírò. Ká ní ìyá aláta kan yá ₦200,000 ní máíkírófáínáǹsì, oṣù mẹ́fà, èlé 5% lóṣù, tó sì ń san lára owó náà padà lóṣooṣù. ₦10,000 lọ́nà mẹ́fà jẹ́ ₦60,000. Orí ₦200,000 ni wọ́n ń ka èlé sí títí dópin, bẹ́ẹ̀ lóṣù kẹfà, bíi ₦33,000 péré ló kù lọ́wọ́ ìyá nínú owó wọn! Tí ẹ bá kà á sórí ohun tó kù, 5% yẹn ti di bíi 8% lóṣù, owó fọ́ọ̀mù ò tíì sí níbẹ̀ o. Ìdajì 1% lọ́dún tí CBN gé ńkọ́? Bí gbogbo rẹ̀ bá tiẹ̀ dé ọ̀dọ̀ ìyá, ₦500 péré ni fún oṣù mẹ́fẹ̀ẹ̀fà.

Ohun tó yẹ kí ẹ bèèrè kí ẹ tó fọwọ́ síwèé ni pé: orí owó tí mo yá ni èlé wà, àbí orí owó tó kù? Tó bá jẹ́ orí owó tó kù, 5% kan náà yóò jẹ́ ₦35,000. ₦25,000 ti kù sápò nìyẹn.

Ti báńkì ńlá yàtọ̀ díẹ̀. Ẹ wá ibi tí lẹ́tà wọn ti sọ pé èlé lè yí bí ọjà owó bá ṣe rí. Tó bá wà níbẹ̀, ẹ kọ̀wé sí máníjà pé kí wọ́n tún un wò. Wọ́n máa ń yára fi kún un, àmọ́ wọn kì í sábà gé e láìjẹ́ pé ẹ bèèrè.

Ibi tí MPR ti kan yín tààrà ni àpò ìfowópamọ́: CBN ní èlé rẹ̀ kò gbọdọ̀ dín sí ìdá 30% lára MPR. Ní 27.50%, ₦100,000 ń mú ₦8,250 wá lọ́dún. Ní 27%, ó di ₦8,100. Ìgé tí a ń yọ̀ sí yìí, èlé tiyín ló kọ́kọ́ gé.