Ìràwọ̀ 61 Cygni kò jìnnà sí wa
Ẹ̀gbọ́n, ẹ kọ ọ́ pé ìràwọ̀ 61 Cygni, tí àwọ̀ rẹ̀ dà bí ọsàn tó pọ́n, ń ṣe bàìbàì lójú ọ̀run Kétu wa nítorí pé ó jìnnà ju àwọn yòókù lọ. Ẹ má bínú, kò rí bẹ́ẹ̀. Ọdún ìmọ́lẹ̀ 11.4 péré ló fi jìnnà sí wa (ọdún ìmọ́lẹ̀ kan ni ọ̀nà tí ìmọ́lẹ̀ ń rìn láàárín ọdún kan). Bessel, onímọ̀ ìràwọ̀ ará Jámánì, ti wọn ọ̀nà náà láti ọdún 1838. Ìràwọ̀ méjì tó ń yí ara wọn po ni, wọ́n tutù ju oòrùn lọ, ìmọ́lẹ̀ èyí tó tóbi jù kò sì tó ìdá kan nínú márùn-ún ti oòrùn; ìdí nìyẹn tó fi ń ṣe bàìbàì. Lálẹ́ oṣù kẹwàá, kí ọyẹ́ tó dé, ẹ fi awò olójú méjì wo apá àríwá, nítòsí ìràwọ̀ Deneb, tó mọ́lẹ̀ gan-an bó tilẹ̀ jìnnà ju ọdún ìmọ́lẹ̀ 1,000 lọ.