Bourbon 120 proof: ṣé ká bomi là á, àbí ká mu ún bẹ́ẹ̀?

Àgbá_Tuntun: Ẹ kú ìrọ̀lẹ́ o, ẹ̀yin èèyàn mi. Ìgò bourbon kan, wiskí àgbàdo ti ilẹ̀ Amẹ́ríkà, ló wà nílẹ̀ yìí, 120 proof ni, ìyẹn 60% ọtí (ìdajì proof ni ìpín ọtí). Rye, wiskí tí ọkà rye pọ̀ jù nínú rẹ̀, tí a fẹ́ tọ́ wò pẹ̀lú rẹ̀ jẹ́ 100 proof. Ṣé ká bomi la bourbon yẹn kí agbára wọn lè dọ́gba, àbí ká tọ́ ọ wò bó ṣe jáde nínú àgbá? Bí omi bá máa wọ̀ ọ́, báwo ló ṣe gbọ́dọ̀ pọ̀ tó? Ẹ jọ̀ọ́, bourbon gidi là ń sọ o, kì í ṣe Jack Daniel's.

Ṣíbí_Tíì: Ẹ bomi là á. Ìṣirò rẹ̀ kò le rárá. Nínú 30 ml tó jẹ́ 60%, 18 ml ni ọtí pọ́ńbélé. Ẹ fẹ́ kó di 50%, ẹ fi 0.5 pín 18, ó di 36. Omi 6 ml lẹ máa fi kún un nìyẹn. Ẹ lo síríǹjì tí kò lábẹ́rẹ́, irú èyí tí wọ́n fi ń fún ọmọdé lóògùn. Ṣíbí tíì kì í bára dọ́gba láti ilé kan sí èkejì. Omi inú ìgò ni kẹ́ ẹ lò, torí omi ẹ̀rọ tó bá ń rùn kẹ́míkà, òórùn yẹn lẹ máa gbọ́ ṣáájú ọtí. Ẹ kọ́kọ́ tọ́ ọ wò láìlà ná. Omi tó bá ti wọ ọtí, ó wọ̀ ọ́ nìyẹn.

Oyin_Lẹ́nu: "Bourbon gidi, kì í ṣe Jack Daniel's." Kí ni Jack Daniel's ṣe tí kò fi jẹ́ bourbon gidi?

Ọmọ_Àgbàdo: Àǹtí, ara ìgò ni wọ́n kọ ọ́ sí: Tennessee Whiskey. Àwọn tó ń ṣe é kò pè é ní bourbon. Ọ̀rọ̀ ti parí.

Oyin_Lẹ́nu: Kò tíì parí o. Ẹ jẹ́ ká ka òfin ìjọba àpapọ̀ Amẹ́ríkà lórí bourbon. Àgbàdo gbọ́dọ̀ tó 51% nínú ọkà rẹ̀. Kò gbọdọ̀ kọjá 160 proof nígbà tó ń jáde nínú ìkòkò ìpọntí, kò gbọdọ̀ kọjá 125 nígbà tó ń wọ àgbá. Àgbá yẹn gbọ́dọ̀ jẹ́ igi óákù tuntun tí iná ti jó inú rẹ̀. Kò gbọdọ̀ dín sí 80 proof nínú ìgò, ohunkóhun kò sì gbọdọ̀ wọ̀ ọ́ bí kò ṣe omi. Jack Daniel's ńkọ́? Àgbàdo 80%, ọkà bálì tí wọ́n mú hù 12%, rye 8%. Àgbá tuntun tí wọ́n sun. Kò sí aró, kò sí adùn àfikún. Èwo ni kò bófin mu níbẹ̀?

Akin_Kentucky: Ẹ̀yin méjèèjì ń dààmú ara yín lásán. Bourbon tí kò bá ti Kentucky wá kì í ṣe bourbon.

Ṣíbí_Tíì: Rárá o, ẹ̀gbọ́n Akin. Ìpínnu tí ilé aṣòfin wọn ṣe ní 1964 pè é ní ọjà àrà ọ̀tọ̀ ti orílẹ̀-èdè Amẹ́ríkà. Kò dárúkọ Kentucky. Ibẹ̀ ló ń pọn èyí tó pọ̀ jù lọ, ìyẹn nìkan ni. Ẹ lè pọn bourbon ní Texas tàbí New York, kó sì bófin mu.

Àìlà_Rárá: Mi ò tíì rí ìwà ọ̀dàlẹ̀ tó ju kéèyàn ra barrel proof, ọtí tí wọn kò bomi là lẹ́yìn tó jáde nínú àgbá, kó tún bomi sí i. Agbára yẹn lẹ sanwó fún. Ẹni tí kò bá lè gbé 120 proof, kó ra 90.

Ṣíbí_Tíì: Omi wà nínú rẹ̀ tẹ́lẹ̀, ọ̀gá. Ọtí tó jáde ní 130 tàbí 140 proof nínú ìkòkò kò lè wọ àgbá bẹ́ẹ̀, torí 125 ni òpin. Kí ni wọ́n ń fi rẹ̀ ẹ́ sílẹ̀? Omi. Ilé ìpọntí Wild Turkey ń gbé tirẹ̀ wọ àgbá ní 115, Maker's Mark ní 110. Ọtí tó bá wọ àgbá pẹ̀lú omi tó pọ̀ díẹ̀ ń fa ṣúgà inú igi yọ dáadáa, torí omi ló ń yọ́ ṣúgà. Agbára tó wà lára ìgò yẹn náà ń yí padà nínú ilé ìkẹ́rù ni. Ní Kentucky, àjà òkè máa ń gbóná gan-an nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, omi sì ń tètè jáde lára àgbá ju ọtí lọ, ìdí nìyẹn tí proof fi ń gòkè níbẹ̀. Àgbá tó wà nísàlẹ̀, níbi tó tutù, lè má gòkè rárá. Nọ́ńbà 120 yẹn, ibi tí wọ́n gbé àgbá sí ló bí i.

Àìlà_Rárá: Gbogbo èyí tẹ́ ẹ kọ, mi ò ní bomi sí i.

Ìyá_Ìbejì_Ìbàdàn: Ọtí lẹ ń fi síríǹjì wọ̀n báyìí? Ẹ rántí ẹ̀dọ̀ yín o, ẹ̀yin ọmọ yìí.

Ṣíbí_Tíì: Ẹ ṣé é, Mọ́mì. 15 ml ti tó fún ìtọ́wò kan, ife mẹ́rin ni kó pọ̀ jù lójúkò kan. Àwọn tó fi í ṣe iṣẹ́ máa ń tu ú sínú kọ́ọ̀pù ni, torí ahọ́n tó ti yó kò mọ ìyàtọ̀ kankan mọ́.

Suya_Alẹ́: Ìbéèrè kan ṣoṣo ni tèmi. Rye àti bourbon, èwo ló bá suya lọ?

Ọmọ_Àgbàdo: Àǹtí Oyin, ẹ fo ibi pàtàkì kọjá. Lincoln County Process! Kí ọtí yẹn tó fojú kan àgbá, ó ń kán gba inú èédú igi maple tó ga tó ẹsẹ̀ bàtà 10 kọjá. Èédú yẹn ń gba epo wúwo àti òórùn àgbàdo tútù lára rẹ̀. Ohun tó wọ àgbá kì í ṣe ohun tó jáde nínú ìkòkò mọ́. Òfin ìpínlẹ̀ Tennessee ti 2013 sọ pé ọtí tí kò bá gba inú èédú maple kọjá kò gbọdọ̀ jẹ́ Tennessee Whiskey, àyàfi ti ilé ìpọntí Prichard's nìkan.

Oyin_Lẹ́nu: Àbúrò, tún òfin yẹn kà. Ó sọ ohun tí Tennessee Whiskey gbọ́dọ̀ jẹ́. Kò sọ pé kì í ṣe bourbon. Òfin ìjọba àpapọ̀ ní kí nǹkan má wọ̀ ọ́. Èédú ń yọ nǹkan kúrò ni, kò fi nǹkan kún un. Nínú àdéhùn òwò NAFTA, ìjọba Amẹ́ríkà fọwọ́ sí i pé Tennessee Whiskey ni straight bourbon tí wọ́n ń pọn ní Tennessee nìkan. Straight bourbon ni wọ́n kọ o, ìyẹn bourbon tó lo ọdún méjì ó kéré tán nínú àgbá.

Ọmọ_Àgbàdo: NAFTA ti kásẹ̀ ńlẹ̀ láti 2020.

Oyin_Lẹ́nu: Ṣé ọtí náà yí padà ní 2020?

Imú_Ṣáájú_Ẹnu: Ẹ jẹ́ ká padà sórí ohun tí Àgbá_Tuntun béèrè. Ẹ wá ife tí ẹnu rẹ̀ ká wọlé, bíi Glencairn. Ife fífẹ̀ máa ń jẹ́ kí òórùn sá lọ. Ẹ bù ú, kẹ́ ẹ fi í sílẹ̀ fún ìṣẹ́jú 10 sí 15. Ẹ má fì í yípo bíi wáìnì, torí ooru ọtí ló máa gbá yín nímú. Ẹ gbé ife sí iwájú àgbọ̀n, kẹ́ ẹ máa gbé e gòkè díẹ̀díẹ̀, kẹ́ ẹ la ẹnu bẹ́ẹ̀ bẹ́ ẹ ṣe ń mí sí i. Bí imú bá ti ń ta yín, ẹ ti sún mọ́ ọn jù.

Bourbon máa kọ́kọ́ mú fàníla wá, pẹ̀lú ṣúgà tó ń jó nínú páànù. Ẹ dúró díẹ̀, àgbọn á dé, kànáfùrù á tẹ̀ lé e. Kò sẹ́ni tó da fàníla sí i o. Iná tó jó inú àgbá ló tú u sílẹ̀ lára igi. Rye ní tirẹ̀ á mú ata iyèré, ewé míǹtì àti ewé dill wá, pàápàá àwọn tí wọ́n pọn ní Lawrenceburg ti Indiana, tí rye jẹ́ 95% nínú wọn. Rye ilẹ̀ Kentucky sábà máa ń wà ní nǹkan bí 51%, àgbàdo ló sì gba èyí tó pọ̀ nínú ìyókù, nítorí náà adùn ṣì máa wà níbẹ̀. Bó bá ń rùn bí omi tí wọ́n fi ń nu kíútẹ́ẹ̀sì, ethyl acetate nìyẹn, ẹ fún un láyè, ó máa ń fẹ́ lọ. Ẹ má fi ìmu àkọ́kọ́ dá a lẹ́jọ́. Ṣe ni kó kàn fi ọ̀nà mọ ẹnu. Ìkejì, ẹ yí i káàkiri ẹnu, kẹ́ ẹ máa rún un bí ẹni ń rún ẹran, ìyẹn ni Booker Noe, apọntí ilé iṣẹ́ Jim Beam, sọ di mímọ̀ ní Kentucky chew. Bẹ́ ẹ bá gbé e mì tán, ẹ wo bó ṣe pẹ́ tó lọ́fun.

Akin_Kentucky: Ẹ rí i? Kentucky chew. Wọn ò pè é ní Tennessee chew.

Rye_Ni_Tèmi: 100 proof ni rye yẹn, ẹ ní? Ẹ wo ara ìgò bóyá Bottled-in-Bond ni. Òfin 1897 ni: ilé ìpọntí kan, sáà ìpọntí kan, Jánúárì sí Júùnù tàbí Júláì sí Dìsẹ́ḿbà, ó kéré tán ọdún 4 nínú ilé ìkẹ́rù tí ìjọba ń ṣọ́, 100 proof géérégé. Ayé ìgbà yẹn, àwọn oníṣòwò kan ń fi omi tábà pa ọtí láró kí wọ́n lè pè é ní wiskí àgbà. Rye Rittenhouse jẹ́ Bottled-in-Bond, bourbon Evan Williams aláwọ̀ funfun náà jẹ́ Bottled-in-Bond.

Àgbá_Tuntun: Ẹ ṣeun gan-an. Bó bá wá ṣú bíi kùrukùru lẹ́yìn tí omi wọ̀ ọ́ ńkọ́? Ṣé ó ti bàjẹ́ nìyẹn?

Imú_Ṣáájú_Ẹnu: Kò bàjẹ́. Ọ̀rá inú ọkà ló ń yọjú. Ó sábà máa ń ṣẹlẹ̀ bí agbára bá lọ sílẹ̀ ju 46% lọ tàbí bí ẹ bá sọ yìnyín sí i, nínú ọtí tí wọn kò fi òtútù sẹ́. Àwọn tó ń fi òtútù sẹ́ ẹ ń ṣe é torí ojú oníbàárà ni, adùn díẹ̀ sì ń bá a lọ. Ní 50% kò yẹ kó ṣú. Nípa yìnyín, òtútù ń dá òórùn dúró, ẹ má lò ó bẹ́ ẹ bá ń tọ́ ọ wò.

Nearest_Ló_Kọ́ Wọn: Gbogbo yín ń pariwo èédú, kò sẹ́ni tó dárúkọ Nathan "Nearest" Green. Ẹrú ni wọ́n fi bàbá yẹn ṣe, òun ló kọ́ Jack Daniel níṣẹ́ ìpọntí nígbà tí Jack ṣì wà lọ́mọdé, òun sì ni olórí apọntí àkọ́kọ́ nílé iṣẹ́ yẹn. Ọdún 2016 ni ilé iṣẹ́ náà tó bẹ̀rẹ̀ sí í sọ ọ́ síta dáadáa. Ẹni tó bá ń sọ pé Jack Daniel's kì í ṣe ọtí gidi, kó mọ iṣẹ́ ọwọ́ ẹni tó ń tàbùkù sí.

Ọmọ_Àgbàdo: Kò sẹ́ni tó tàbùkù bàbá yẹn. Ìdí gan-an tó fi yẹ kó ní orúkọ tirẹ̀ nìyẹn! Èédú yẹn ni àmì iṣẹ́ rẹ̀. Kí ló dé tí ẹ fẹ́ kì í mọ́ abẹ́ orúkọ bourbon?

Oyin_Lẹ́nu: Ó lè ní orúkọ méjì. Ilé ìpọntí George Dickel wà ní Tennessee níbẹ̀, àgbàdo 84%, èédú ni wọ́n fi ń sẹ́ tiwọn náà. Ní 2021 wọ́n gbé ìgò jáde tí wọ́n kọ Bourbon sí gàdàgbà. Ọkà kan náà, ilé ìpọntí kan náà. Kí lo fẹ́ sọ sí ìyẹn?

Ọmọ_Àgbàdo: Dickel kọ bourbon, bourbon ni. Jack kọ Tennessee Whiskey, Tennessee Whiskey ni. Ohun tí wọ́n bá kọ ni.

Oyin_Lẹ́nu: Ṣé àwọ̀ ìwé ara ìgò ló wá ń pọn ọtí báyìí?

Suya_Alẹ́: Ẹ ò tíì dá mi lóhùn o. Rye àbí bourbon?

Rye_Ni_Tèmi: Rye. Ata iyèré inú rẹ̀ bá yájì lọ, gbígbẹ rẹ̀ sì ń gé ọ̀rá ẹran lẹ́nu. Ṣùgbọ́n ẹ tọ́ ọtí wò tán kẹ́ ẹ tó fọwọ́ kan suya. Bí ata bá ti wà lẹ́nu, ọtí 50% á máa ta bíi 65%, ẹ ò sì ní mọ ohun tó jẹ́ ti ọtí àti ohun tó jẹ́ ti ata. Búrẹ́dì gbígbẹ àti omi lásán ló yẹ láàárín ife kan sí èkejì. Ẹ bẹ̀rẹ̀ látorí èyí tí proof rẹ̀ kéré.

Àìlà_Rárá: Ẹ ṣáà má bomi sí i.

Ṣíbí_Tíì: Àǹtí Oyin, àbúrò Àgbàdo, ẹ jẹ́ kí ahọ́n dá a. Ife mẹ́ta: Jack Daniel's dúdú sí méjì, Evan Williams dúdú sí ọ̀kan. Evan Williams jẹ́ 43%, Jack 40%, nítorí náà ẹ fi omi 2.2 ml kún 30 ml Evan kí wọ́n lè dọ́gba. Kí ẹlòmíì bù ú, kó lẹ nọ́ńbà mọ́ ìdí ife, kí iná yàrá má mọ́lẹ̀ púpọ̀ torí àwọ̀. Ẹ tọ́ka sí èyí tó yàtọ̀. Ẹni tó kàn ń méfò á gbà á lẹ́ẹ̀kan nínú mẹ́ta, torí náà ẹ gbọ́dọ̀ tún un ṣe lọ́pọ̀ ìgbà, ọjọ́ ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀. Bí òórùn ọ̀gẹ̀dẹ̀ wẹ́wẹ́ bá jáde, Jack lẹ dì mú.

Ọmọ_Àgbàdo: Ẹ ti sọ ọ́ fúnra yín! Bó bá ní òórùn ọ̀gẹ̀dẹ̀ tí bourbon kò ní, ó yàtọ̀ nìyẹn.

Oyin_Lẹ́nu: Ìwúkàrà ló ń mú ọ̀gẹ̀dẹ̀ wá, kì í ṣe èédú. Ilé ìpọntí Four Roses ń lo ìwúkàrà márùn-ún ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ pẹ̀lú àpòpọ̀ ọkà méjì, ó ń fún un ní bourbon mẹ́wàá tí òórùn wọn kò jọra, bourbon sì ni gbogbo wọn. Òórùn kì í sọ nǹkan di ohun tí kì í ṣe.

Akin_Kentucky: FOUR ROSES, KENTUCKY NI. EVAN WILLIAMS, KENTUCKY NI. Omi tó gba inú òkúta ẹfun kọjá, tí kò ní irin nínú. Mo ti sọ ọ́ látòkè.

Ọmọ_Àgbàdo: Àǹtí, ẹ wo ìgò. Tennessee. Whiskey.

Oyin_Lẹ́nu: Wo òfin. 51, 160, 125, 80. Sọ èyí tí Jack rú fún mi.