Ta Ló Sọ Pé Kọ̀ǹpútà Ló Ń Tún Àṣìṣe Ara Rẹ̀ Ṣe?

Ẹ tẹ "Osun" sórí fóònù yín láìfi àmì sí i, bí ọ̀pọ̀ wa ṣe máa ń tẹ̀ ẹ́. Odò ni, òrìṣà ni, ìpínlẹ̀ tí wọ́n dá sílẹ̀ lọ́dún 1991 náà ni. Kò sí ọmọ Òṣogbo tó máa da mẹ́tẹ̀ẹ̀ta pọ̀ mọ́ra. Ẹ wá sọdá òkun: ní Kúbà, Ochún ni wọ́n ń kọ òrìṣà yìí, ní Bràsíìlì, Oxum ni. Ẹ̀rọ tó jẹ́ pé lẹ́tà nìkan ló ń wò lè sọ odò, òrìṣà àti ìpínlẹ̀ di nǹkan kan ṣoṣo, kó sì pín òrìṣà kan sí mẹ́ta.

Ta ni yóò bá a tún un ṣe? Tí mo bá béèrè, ìdáhùn méjì ni mo máa ń gbọ́. Àwọn kan ní kọ̀ǹpútà gbọ́n tó láti tún ara rẹ̀ ṣe. Àwọn yòókù ní iṣẹ́ àwọn ọ̀jọ̀gbọ́n yunifásítì ni. Kò sẹ́ni tó dárúkọ àwọn tó ń gbá géèmù rí, nítorí lójú wa, ọ̀lẹ ló ń gbá géèmù. Bẹ́ẹ̀, àwọn náà wà lára àwọn tó ń ṣe é.

Dátà tí ọ̀rọ̀ yìí kàn ni èyí tí wọ́n ń pè ní linked data. Gbólóhùn kúkúrú ni: "Òṣogbo ni olú-ìlú Ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun." Gbólóhùn kan so mọ́ òmíràn, ìyẹn náà so mọ́ òmíràn, títí tó fi di àwọ̀n ńlá. DBpedia, tó bẹ̀rẹ̀ lọ́dún 2007, jẹ́ ọ̀kan nínú wọn. Ètò kọ̀ǹpútà ló ń ṣa gbólóhùn wọ̀nyí jọ láti inú àpótí tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ojú ewé Wikipedia. Ohun tó bá bá níbẹ̀ ló ń kó. Bí ẹnì kan bá kọ ọjọ́ ìbí síbi tó yẹ kó kọ ìlú tí wọ́n ti bíni, ètò náà kò ní bi í pé, "Ṣé orí ẹ pé?" Á kó o bẹ́ẹ̀.

Lọ́dún 2011, àwọn olùwádìí kan ní Jámánì sọ gbólóhùn DBpedia di ìbéèrè nínú géèmù tí wọ́n pè ní WhoKnows?. Ẹni tó ń ṣeré á máa dáhùn. Bó bá kan ìbéèrè tí kò bọ́gbọ́n mu, á fẹjọ́ rẹ̀ sùn. Ẹjọ́ yẹn gan-an ni wọ́n ń wá, nítorí ó ń fi ibi tí àṣìṣe lè wà nínú DBpedia hàn wọ́n.

Ọgbọ́n náà ti wà ṣáájú ìgbà yẹn. Luis von Ahn, ọmọ Guatemala tó wà ní Yunifásítì Carnegie Mellon ní Amẹ́ríkà nígbà náà, òun àti Laura Dabbish ló gbé ESP Game jáde. Géèmù náà á mú ẹni méjì tí kò mọra, tí kò sì lè bára wọn sọ̀rọ̀, á fi àwòrán kan náà hàn wọ́n. Kálukú á máa tẹ ọ̀rọ̀ tó rò pé ẹnì kejì òun máa tẹ̀. Níbi tí ọ̀rọ̀ wọn bá ti pàdé, wọ́n gba máàkì, ọ̀rọ̀ náà sì di ti àwòrán yẹn. Láàárín oṣù mẹ́rin, ẹni 13,630 ti fi ọ̀rọ̀ tó lé ní mílíọ̀nù 1.2 sára àwòrán 293,760, láìgba kọ́bọ̀. Lọ́dún 2006, Google gba géèmù náà lò.

Ṣé a wá lè fọkàn tán ẹni tí kò kọ́ṣẹ́? Àwọn kan dán an wò lórí DBpedia ní 2013. Wọ́n kó àwọn onímọ̀ linked data jọ sí ìdíje kan, wọ́n sì tún san owó táṣẹ́rẹ́ fún àwọn èèyàn lásán lórí Amazon Mechanical Turk, ìyẹn ojúlé orí íńtánẹ́ẹ̀tì tí wọ́n ti ń gbé iṣẹ́ kéékèèké fún ẹni tó bá fẹ́ ṣe é. Àwọn onímọ̀ ṣe dáadáa níbi tó gba ìmọ̀ iṣẹ́. Ṣùgbọ́n níbi kí a gbé nǹkan méjì sẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn, kí a wò ó bóyá wọ́n bára mu, àwọn èèyàn lásán yìí mọ̀ ọ́n ṣe gan-an ni.

N kò ní kí ẹ gbé eléré gẹṣin o. Ẹni méjì lè fẹnu kò sórí irọ́. Nínú ESP Game, gbogbo ayé ló fẹ́ tẹ "ọkùnrin" tàbí "mọ́tò" kó lè yá, àfi ìgbà tí wọ́n ka ọ̀rọ̀ tó ti wọ́pọ̀ léèwọ̀ lórí àwòrán náà. Èyí tó tún léwu ju ìyẹn lọ ni Wikidata Game tí Magnus Manske gbé jáde ní 2014 fún Wikidata, àwọ̀n gbólóhùn mìíràn tí ẹnikẹ́ni lè tún ṣe. Á gbé nǹkan méjì síwájú yín, á ní, ṣé ọ̀kan náà ni? Ẹ ò nílò ẹnì kejì níbẹ̀: ohun tí ẹ bá tẹ̀ ti wọ inú Wikidata nìyẹn, lórúkọ yín. Bọ́tìnnì tí mo fẹ́ràn jù nínú géèmù náà ni èyí tó sọ pé kò dá mi lójú. Bí wọ́n bá gbé Ochún àti Oxum síwájú ẹni tí kò gbọ́ orúkọ Ọ̀ṣun rí, kó tẹ ìyẹn, kó fi ìbéèrè náà sílẹ̀ fún ẹni tó mọ̀ ọ́n.