Ẹ̀yin Ríwáyà Wa, Kì Í Ṣe Kíìkì Ló Ń Bàjẹ́

Inú ń bí mi, mi ò sì ní pa á mọ́ra. Bí ọkọ̀ àtijọ́ bá kọ̀ tí kò sítáàtì nílùú Ìlọrin yìí, ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ló wà lẹ́nu àwọn ríwáyà wa, àwọn tó ń tún iná ọkọ̀ ṣe: "Alájì, kíìkì yín ti lọ. Ẹ lọ ra òmíràn wá." Kíìkì ni ẹ̀rọ kékeré tó ń yí ẹ́ńjìnnì kí ọkọ̀ tó sítáàtì. Wọn ò tíì ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì tán o! Wọn ò fi mítà tó ń wọn iná kan bátìrì, wọn ò tọ wáyà kankan dé ìdí, wọ́n ti ń bá èèyàn náwó.

Toyota àtijọ́ ni tèmi, òun ni mo fi ń ná Ọ̀fà sí Ìlọrin. Wọ́n yọ kíìkì rẹ̀, mo ra tòkúnbọ̀. Kò pẹ́ kò jìnnà, ó tún ń dún "tá! tá!" láì yí ẹ́ńjìnnì. Wọ́n ní ayédèrú ni mo rà. Mo ra òmíràn, ibi tá a wà náà la ṣì wà. Ọtomátíìkì sì ni ọkọ̀ yìí, kò ṣeé tì kó sítáàtì bíi ọkọ̀ mánúà. Lọ́jọ́ tó kú sí mi lọ́wọ́ ní Gérí Àlímí n'Ìlọrin níbí, inú oòrùn ọ̀sán la ti ń tì í kúrò lójú títì, tí àwọn onímọ́tò ń fọn fèrè tí wọ́n sì ń ṣépè.

Kí ló fà á? Sánpépà tí wọn ò lò ni! Kíìkì irú àwọn ọkọ̀ wa yìí kì í ní wáyà nẹ́gátíìfù tirẹ̀. Wáyà ńlá kan láti bátìrì, wáyà kékeré kan láti ọ̀dọ̀ kọ́kọ́rọ́, ó parí. Ara irin rẹ̀ tó fara kan gíábọ́ọ̀sì ni iná ń gbà padà. Bí ojú ibẹ̀ bá dípẹtà, tí ọ́ìlì àti eruku dì mọ́ ọn, tàbí tí ẹni tó tà á ti fi ọ̀dà kùn ún kó lè dà bíi tuntun, ibo niná fẹ́ gbà? Kéèyàn fi sánpépà ha á títí irin á fi dán, ṣé iṣẹ́ tó le nìyẹn? Kò sẹ́ni tó ṣe é nínú wọn.

Wáyà earth, ìyẹn wáyà nẹ́gátíìfù tó so bátìrì mọ́ ẹ́ńjìnnì, ńkọ́? Mo fọwọ́ tẹ ìdí tèmi, ìyẹ̀fun aláwọ̀ ewé ló ń dà jáde lábẹ́ rọ́bà rẹ̀. Bàbà inú rẹ̀ ti jẹ tán, ó ku fọ́nrán bíi mélòó kan. Ìtòsí rẹ̀ ni wọ́n ti ń yọ kíìkì, tí wọ́n ń dè é padà, tí wọ́n tún ń yọ ọ́! Mítà ì bá ti sọ fún wọn. Bátìrì tó yó, 12.6 fólítì ló ń fi hàn tí ọkọ̀ bá wà ní pípa. Tó bá já wálẹ̀ débi tí kò tó 9.6 mọ́ nígbà tí à ń sítáàtì ọkọ̀, ẹ yẹ bátìrì wò. Bí kò bá já tó bẹ́ẹ̀, ẹ fi ẹnu mítà kan lé nẹ́gátíìfù bátìrì, ẹ fi èkejì kan ara kíìkì, kí ẹnì kan yí kọ́kọ́rọ́. Bó bá ju ìdajì fólítì lọ, ọ̀dọ̀ earth nìṣòro wà.

Kíìkì mi àkọ́kọ́ dà? Wọ́n ní àwọn ti kó o fún onírin. Ọ̀pọ̀ kíìkì Toyota tó ń dún tá lásán, bàbà kékeré méjì inú solenoid, súwíìṣì tó wà lára kíìkì, ló ti jẹ tán. Bàbà yẹn ló yẹ kí wọ́n pààrọ̀!

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ̀ ń ta pátì ọkọ̀ náà, ẹ jọ̀wọ́, ẹ yé sọ pé "ó máa wọlé." Ẹ gbé ti àtijọ́ àti tuntun síra wọn, ká ka eyín wọn, ká wo ihò bóòtì, ká fi jọ́mpà, wáyà tó ń gbé iná láti bátìrì, dán an wò nílẹ̀ kí n tó sanwó. Eyín tí kò bá bára mu á máa ha fláíwíìlì (irin rìbìtì eléyín tí kíìkì ń yí) jẹ ni, gíábọ́ọ̀sì sì gbọ́dọ̀ sọ̀ kalẹ̀ ká tó lè pààrọ̀ ìyẹn. Bóòtì kan ṣoṣo ni wọ́n fi de tèmi, wọ́n ní èkejì ò fi bẹ́ẹ̀ ṣe pàtàkì. Wọn ò tilẹ̀ tú orí bátìrì kí wọ́n tó ki sípánà bọ ìdí wáyà ńlá yẹn, wáyà tí kò ní fíúùsì, tó lè jó èèyàn lọ́wọ́.

Èyí tó dùn mí jù ni bọ́tìnnì. Nígbà tí ọwọ́ wọn ò ba ìṣòro náà, wọ́n fa wáyà kíìkì wọ abẹ́ dáṣíbọ́ọ̀dù, wọ́n fi bọ́tìnnì sí i, wọ́n ní kí n máa tẹ̀ ẹ́ kí ọkọ̀ lè sítáàtì. Ọkọ̀ ọtomátíìkì ní súwíìṣì kan tí kì í jẹ́ kó sítáàtì àfi tí jíà bá wà ní P (páàkì) tàbí N (níútírà). Bọ́tìnnì wọn fo súwíìṣì yẹn kọjá. Bí jíà bá wà ní D, jíà ìwájú, tí ẹnì kan tẹ̀ ẹ́, ọkọ̀ lè ta síwájú, ì báà jẹ́ ọmọdé ló dúró níbẹ̀. Wọn ò sọ fún mi! Mo ti fà á já. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti fi irú ẹ̀ sínú ọkọ̀ àwọn èèyàn, ẹ pè wọ́n padà lónìí, kẹ́ ẹ yọ ọ́, lọ́fẹ̀ẹ́.