Èsì wa sí oníbàárà wa ní Ìkòyí: ìyẹ̀fun yẹn kò ti ara ọparun wa wá

Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta, mà. A rí ìràwọ̀ méjì tí ẹ fún wa ní 2 oṣù Kẹjọ. A dúpẹ́.

Kí ẹ̀yin yòókù tí ẹ ń kà á lè mọ ohun tí à ń sọ: oníbàárà wa yìí ló ní kí a fi ọparun bo ibi tí ẹ̀rọ púùlù ìlúwẹ̀ẹ́ wọn wà lẹ́yìnkùlé, kí àlejò tó bá jókòó sétí omi má baà máa wo páìpù àti àgbá fílítà. A ṣe é. Wọ́n wá kọ ọ́ síbí pé a pẹ́ dé, pé ariwo ẹ̀rọ ṣì ń dún, pé ọparun ń da ìyẹ̀fun sílẹ̀ bí ẹni ń jọ èlùbọ́, pé a fi ìsàlẹ̀ ọgbà náà sílẹ̀ gbayawu, pé ọmọ tó ń tọ́jú omi kò rọ́nà wọlé, àti pé ọmọ iṣẹ́ wa kan jókòó sórí àga wọn. Wọ́n ní gbájúẹ̀ ni wá. Ọ̀rọ̀ tó kẹ́yìn yìí ló mú kí n jókòó kọ èsì fúnra mi. Ká ní ọmọbìnrin tó ń bá wa dáhùn ni, ì bá kọ "Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bínú," ì bá sì fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí n bẹ̀rẹ̀ lórí ìyẹ̀fun, torí òun ni ẹ gbé àwòrán rẹ̀ síta. Ẹ̀yin òǹkàwé, ẹ bá mi fẹ àwòrán kejì tí wọ́n fi síbẹ̀ kó tóbi, kí ẹ wo ìsàlẹ̀. Ẹ ó rí àwọn ọparun kan tí wọ́n fi dábùú. Àwọ̀ ewé ṣì wà lára wọn. Wọ́n nípọn ju ti òkè lọ dáadáa. Wáyà dúdú tí àwọn ayọ́nbẹ́ńdà fi ń di irin ni wọ́n fi so wọ́n, wáyà náà sì ti dípẹtà débi pé omi pupa ti ń ṣàn sí wọn lára. Ìyẹn kì í ṣe iṣẹ́ wa. Ọparun tiwa tẹ́ẹ́rẹ́ ni, ọ̀kan ṣe déédéé èkejì, wáyà tí kì í dípẹtà la sì fi ń so ó, nítorí pé èéfín chlorine, oògùn tí wọ́n ń dà sínú omi púùlù, kì í fi irin lásán sílẹ̀. Tí ẹ bá tún wò ó dáadáa, ẹ ó rí ojú ihò kékeré láàárín oríkèé kan sí èkejì. A ò lù ú fún ẹwà o. Ibẹ̀ ni oògùn ń gbà wọnú.

Sítáàṣì pọ̀ nínú ọparun, pàápàá èyí tó wọ́pọ̀ lọ́dọ̀ wa níbí, tí àwọn onímọ̀ ewéko ń pè ní Bambusa vulgaris. Kòkòrò tíńtín kan wà tó jẹ́ pé oúnjẹ rẹ̀ nìyẹn. Yóò lu ihò wọlé, yóò máa jẹ ẹ́, ohun tó bá lọ̀ kúnná ni yóò máa dà sílẹ̀. Ìdí nìyẹn tí a kì í fi í gé ọparun tí kò tíì pé ọdún mẹ́ta. Ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn la máa ń gé e, a ó rì í sínú omi borax àti boric acid, ìyẹn oògùn tí kì í jẹ́ kí kòkòrò jẹ ẹ́, fún ọ̀sẹ̀ kan ó lé, a ó wá tò ó síbi tí atẹ́gùn wà, tí oòrùn kò ti ní là á. Iṣẹ́ yìí ló mú kí owó wa ju ti ẹni tó ń ta ọparun lẹ́bàá títì fún àwọn tó ń gbé dẹ́kìn lọ. Èmi ò bú ọparun dẹ́kìn. Wọ́n á fi gbé kọnkéré ró fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan, wọ́n á sì kó o dànù, kò sẹ́ni tó retí kó pẹ́. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá gbé e wá sẹ́yìnkùlé, tó ní kó dúró fún ọdún márùn-ún, ó ti se àsè fún kòkòrò nìyẹn.

Ta ló gbé e débẹ̀? A wádìí. Nígbà tí ọmọ iṣẹ́ wa pe ilé yín ní 4 oṣù Kẹjọ, mẹ́gáàdì yín fẹnu ara rẹ̀ sọ pé ẹ̀yin lẹ ní kí òun ra ọparun wá, kí òun fi dí ìsàlẹ̀, torí àlejò ń rí ẹsẹ̀ páìpù. A ò dá a lẹ́bi. Ohun tí wọ́n rán an ló jẹ́.

Ìsàlẹ̀ tí ẹ pè ní gbayawu yẹn, íǹṣì 6 péré ni, ó sì wà nínú ìwé iye owó tí a fi ránṣẹ́ sí yín ní 24 oṣù Kejì, kí ẹ tó san kọ́bọ̀. Ọparun tó bá fara kan ilẹ̀ tútù yóò jẹrà, ìkán yóò sì rí àkàbà gùn. Yàtọ̀ síyẹn, mọ́tò tó ń fa omi púùlù nílò afẹ́fẹ́. Ó ní fáànù tirẹ̀. Afẹ́fẹ́ tútù ń gba ìsàlẹ̀ wọlé, èyí tó gbóná ń gba òkè jáde. Ẹ dí ìsàlẹ̀ pa, ẹ wá kọ ọ́ síbí pé láti oṣù Keje ni ẹ̀rọ ti ń ṣàdédé kú lọ́sàn-án, tí yóò sì tún jí lálẹ́, pé "bóyá ọparun yẹn ló fà á." Bẹ́ẹ̀ ni, mà. Ọparun ló fà á. Ti mẹ́gáàdì. Mọ́tò tó bá gbóná kọjá ààlà máa ń pa ara rẹ̀ kó má baà jóná. Tó bá tutù, á tún dìde.

Ọ̀nà tí ọmọ tó ń tọ́jú omi kò rí, ó wà lápá ọ̀tún. Pánẹ́ẹ̀lì kan ń ṣí níbẹ̀ bí ilẹ̀kùn, fífẹ̀ rẹ̀ jẹ́ ẹsẹ̀ bàtà 3. A dìídì ṣe é kí ọwọ́ lè tètè dé fílítà nígbà tí gééjì tó ń wọn agbára omi bá ti fi bíi 10 psi ga ju ti ìgbà tí yanrìn inú rẹ̀ mọ́, tó sì yẹ kí wọ́n ṣe backwash, ìyẹn ni pé kí wọ́n dá omi padà gba inú yanrìn kó fọ ìdọ̀tí jáde. Ọmọ náà ṣí i lójú wa, ó tì í, ó ní ó dáa. Ọparun tuntun ti wá kọjá lẹ́nu ilẹ̀kùn yẹn báyìí. Ọjọ́ tí a ń ṣiṣẹ́ náà la bá bọ́kẹ́ẹ̀tì chlorine àti kẹ́ẹ̀gì ásíìdì tí wọ́n gbé ti ara wọn níbẹ̀. Káfíńtà wa ló gbé ọ̀kan jìnnà sí èkejì, torí tí méjèèjì bá fi lè dà pọ̀, èéfín tó máa jáde lè pa èèyàn. Ẹ gbàgbé láti kọ ìyẹn mọ́ ọn.

Ẹ̀yin tí ẹ ń bọ̀ wá rà lọ́wọ́ wa, ẹ gbọ́ ti ariwo dáadáa: ọparun ń bo ojú, kì í di etí. Ohùn máa ń gba àlàfo kọjá. Ẹni tó bá fẹ́ kí ariwo rọlẹ̀, kó fi rọ́bà tó nípọn sábẹ́ ẹ̀rọ, tàbí kó ra ẹ̀rọ tí a lè dín eré rẹ̀ kù, tàbí kó mọ ògiri búlọ́ọ̀kù tó ní ojú afẹ́fẹ́. Gbogbo èyí ni ọmọbìnrin wa kọ sí oníbàárà yìí lórí WhatsApp ní 26 oṣù Kejì. Àtàǹpàkò tó nà sókè ni wọ́n fi dá a lóhùn. Ó ṣì wà lórí fóònù wa.

Pé a pẹ́: 8 oṣù Kẹta ni, òjò rọ̀ láàárọ̀, ọkọ̀ ò sì rìn lórí afárá Third Mainland láti Adékúnlé. A pè yín kí agogo mẹ́sàn-án tó lù. Nígbà tí a dé géètì ẹ́sítéètì yín, ẹnikẹ́ni ò kọ orúkọ wa sílẹ̀, sikiọ́ríìtì sì dá ọkọ̀ wa dúró fún wákàtí kan ó lé. Ẹ ka wákàtí yẹn náà sí wa lọ́rùn.

Ti àga, ẹ̀rín ló kọ́kọ́ pa mí kí inú tó bí mi. Ọmọ tó jókòó yẹn ló kéré jù nínú wa. Màmá yín ló pè é, wọ́n ní kó jókòó, wọ́n gbé ẹ̀wà àti búrẹ́dì Agége síwájú rẹ̀. Ṣé kó wá sọ pé rárá fún àgbàlagbà ni? Títí dòní ló ń sọ̀rọ̀ ẹ̀wà yẹn ní ṣọ́ọ̀bù wa ní Kétu. Bí jíjókòó sórí àga bá jẹ́ ẹ̀ṣẹ̀, inú ilé yín lọ́hùn-ún ni ẹ ti máa dá ẹjọ́ rẹ̀.

Síbẹ̀, a ó wá. Lọ́jọ́ tó bá rọ̀ yín lọ́rùn kí oṣù Kẹsàn-án tó parí, káfíńtà wa yóò tú gbogbo ọparun tí kì í ṣe tiwa kúrò, yóò sì yẹ tiwa wò lọ́kọ̀ọ̀kan. Yóò tún fi fáníìṣì kun ún lọ́fẹ̀ẹ́, torí oòrùn ti sọ àwọ̀ rẹ̀ di eérú bí a ṣe sọ tẹ́lẹ̀, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ẹ̀yin lẹ ní owó ìtọ́jú ọdọọdún tí a pè ti pọ̀ jù. Tí ẹsẹ̀ páìpù bá ṣì ń dójú tì yín, a ó kó ìkòkò òdòdó wá síwájú rẹ̀, a ò ní gba kọ́bọ̀. Bí a bá sì rí ojú kòkòrò lára ẹyọ kan ṣoṣo nínú ọparun tó ní ihò oògùn wa, gbogbo owó tí ẹ san ni a ó dá padà. Gbogbo ẹni tó ń ka èyí ni ẹlẹ́rìí. Gbájúẹ̀ kì í sọ bẹ́ẹ̀.

Lọ́tẹ̀ yìí, ẹ kàn bá wa kọ orúkọ káfíńtà sílẹ̀ lẹ́nu géètì. Yóò jẹun yó kó tó kúrò nílé, ẹ fọkàn balẹ̀, kò ní jókòó.