Ibi tí a ti rí owó Róòmù ló sọ ọ́ di iyebíye, kì í ṣe wúrà, kì í sì í ṣe ọjọ́ orí rẹ̀

Ọ̀pọ̀ ènìyàn ló gbà pé bí owó onírin bá ṣe pẹ́ tó ni iye rẹ̀ ṣe ń pọ̀ tó, pé ẹni tí ó bá hú owó àwọn ará Róòmù ìgbàanì jáde nínú ilẹ̀ ti di olówó lọ́jọ́ náà, àti pé iṣẹ́ ọ̀mọ̀wé tí ó gbájú mọ́ irú owó bẹ́ẹ̀ kò ju kí ó dárúkọ ọba tí orí rẹ̀ wà lára owó náà, kí ó sì sọ iye tí a lè tà á. Èrò yìí kò tọ̀nà, ó sì ti ba ohun púpọ̀ jẹ́. Owó idẹ wẹ́wẹ́ tí wọ́n rọ nígbà ìjọba Constantine àti àwọn ọmọ rẹ̀, ní ọgọ́rùn-ún ọdún kẹrin lẹ́yìn ìbí Kristi, pọ̀ káàkiri títí di òní débi pé, láìka ọjọ́ orí wọn sí, owó táṣẹ́rẹ́ ni wọ́n ń ta èyí tí ó pọ̀ jù nínú wọn. Ohun tí ìmọ̀ ń wá lára owó Róòmù ni ibi tí a ti rí i, bí ilẹ̀ tí ó wà nínú rẹ̀ ti jìn tó, àti àwọn ohun tí ó wà pẹ̀lú rẹ̀ níbẹ̀.

Ìgbésí ayé Anne Robertson ni mo fẹ́ fi ti ọ̀rọ̀ yìí lẹ́yìn. Ìlú Glasgow ní ilẹ̀ Skọ́tílándì ni wọ́n bí i sí ní 1910, ibẹ̀ náà ló ti ṣe iṣẹ́ tí ó pọ̀ jù nínú iṣẹ́ ayé rẹ̀. Awalẹ̀pìtàn ni, ó sì tún jẹ́ olùtọ́jú owó ìgbàanì ní ilé àkójọ ohun ìṣẹ̀ǹbáyé Hunterian tí ó wà lábẹ́ yunifásítì ìlú náà. Kí ó tó fẹ̀yìn tì ní 1975, yunifásítì náà ti fi í jẹ ọ̀jọ̀gbọ́n nínú ìmọ̀ ìwalẹ̀pìtàn Róòmù.

Owó tí wọ́n fi sí ìkáwọ́ rẹ̀ ní Hunterian kì í ṣe owó kékeré rárá. William Hunter, dókítà ọmọ Skọ́tílándì tí ó ṣiṣẹ́ ní Lọ́ńdọ̀nù, tí ó sì kú ní 1783, ló kó wọn jọ, ọ̀kan pàtàkì sì ni àkójọ náà láàárín àwọn àkójọ owó ìgbàanì ní gbogbo ilẹ̀ Yúróòpù ayé ìgbà náà. Robertson to àwọn owó àwọn ọba ńlá Róòmù tí ó wà nínú rẹ̀ sínú ìwé ńlá márùn-ún, tí wọ́n jáde láàárín 1962 sí 1982. Owó wọ̀nyí dára, wọ́n sì ń kọ́ni ní oyè àwọn ọba, ọdún ìjọba wọn àti ìlú tí wọ́n ti rọ owó. Ṣùgbọ́n ọwọ́ àwọn olùkójọ ni Hunter ti rà wọ́n, nítorí náà èyí tí ó pọ̀ jù nínú wọn kò lè sọ inú ilẹ̀ tí ó ti jáde àti ẹni tí ó ná an gbẹ̀yìn.

Ẹ wá wo apá kejì iṣẹ́ obìnrin yìí, èyí tí mo kà sí pàtàkì jù. Ọ̀mọ̀wé kan tí ń jẹ́ George Macdonald ló bẹ̀rẹ̀ àkọsílẹ̀ gbogbo owó Róòmù tí àwọn ènìyàn ń rí ní Skọ́tílándì. Lẹ́yìn tí ó kú ní 1940, Robertson gba iṣẹ́ náà, ó sì ń ṣe é fún ọ̀pọ̀ ọdún. Owó tí ó ti jẹrà, tí ojú ọba ara rẹ̀ ti pa rẹ́, tí kò sí oníṣòwò tí yóò yẹ̀ ẹ́ wò lẹ́ẹ̀kejì, rí àyè nínú àkọsílẹ̀ náà níwọ̀n ìgbà tí a bá ti mọ oko tàbí odi tí wọ́n ti rí i.

Ẹ jẹ́ kí n fi àpẹẹrẹ kan hàn bí owó ṣe lè ṣi ẹni tí ó bá gbẹ́kẹ̀ lé e nìkan lọ́nà. Mark Antony, ọ̀gágun Róòmù kan, rọ owó fàdákà láti fi san owó ọmọ ogun rẹ̀ ní ọdún 32 sí 31 ṣáájú ìbí Kristi. Wọ́n ti bu irin mìíràn lu fàdákà náà, nítorí bẹ́ẹ̀ kò sí ẹni tí ó fẹ́ yọ́ ọ tàbí kó o pamọ́. Ṣe ni wọ́n ń ná an láti ọwọ́ dé ọwọ́ fún ohun tí ó ju ọgọ́rùn-ún ọdún méjì lọ. A ń rí i ní Skọ́tílándì, nínú ohun tí àwọn ọmọ ogun ọgọ́rùn-ún ọdún kejì fi sílẹ̀. Ẹni tí ó bá ka ọdún owó náà sí ọdún ibùdó ọmọ ogun tí a ti rí i yóò sọ pé àwọn ará Róòmù ti wà ní Skọ́tílándì kí Kláúdíù ọba Róòmù tó kó ogun wọ Brítéènì ní ọdún 43 lẹ́yìn ìbí Kristi, irọ́ gbáà sì ni. Ohun tí owó lè fi dá wa lójú kò ju èyí lọ: wọn kò rì í mọ́lẹ̀ kí wọ́n tó rọ ọ́. Bí ó ti pẹ́ tó lẹ́yìn náà, ilẹ̀ àti àwọn àpáàdì ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ ló máa sọ ọ́.

Ìdí nìyí tí Robertson kò fi jókòó ti àpótí owó nìkan. Ó wa ilẹ̀ ibùdó ọmọ ogun Róòmù ní Castledykes àti ní Birrens ní Skọ́tílándì, ó sì wà á ní Duntocher lórí ojú ọ̀nà odi Antonine, odi koríko àti erùpẹ̀ tí ó gùn tó nǹkan bí ọgọ́ta kìlómítà, tí Antoninus Pius ọba Róòmù pàṣẹ kí wọ́n mọ ní nǹkan bí ọdún 142. Ní Duntocher, ó rí i pé ibùdó kékeré kan ti wà níbẹ̀ kí odi náà tó dé ọ̀dọ̀ rẹ̀, àti pé lẹ́yìn náà ni wọ́n kọ́ ibùdó tí ó tóbi jù ú lọ tì í. Láàárín ọdún díẹ̀ ni gbogbo ìkọ́lé yìí wáyé lábẹ́ ọba kan ṣoṣo, nítorí náà kò sí owó kan tí ó lè tò wọ́n tẹ̀ léra. Bí àwọn ìpìlẹ̀ ṣe pàdé ara wọn ló fi í hàn.

Ó tún ṣe àkọsílẹ̀ àwọn owó Róòmù tí wọ́n rì mọ́lẹ̀ papọ̀ ní gbogbo Brítéènì. Iṣẹ́ náà pọ̀ débi pé ó kú ní 1997 kí ó tó di ìwé. Àwọn ọ̀mọ̀wé mìíràn ló parí rẹ̀, ó sì jáde ní 2000.

Ohun tí èrò pé ìṣúra lásán ni owó lè fà hàn gbangba ní Carrawburgh, lẹ́bàá odi Hadrian, odi mìíràn tí àwọn ará Róòmù mọ sí àríwá ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ní 1876, nígbà tí wọ́n rí kànga òrìṣà Coventina. Owó tí a mọ̀ pé ó wà nínú rẹ̀ lé ní 13,000, ṣùgbọ́n àwọn ènìyàn ya bo ibẹ̀, wọ́n sì kó púpọ̀ lọ. Nínú èyí tí ó kù, owó idẹ Antoninus Pius tí àwòrán Britannia, obìnrin tí wọ́n fi ṣàpẹẹrẹ ilẹ̀ Brítéènì, wà lára rẹ̀ lé ní ọgọ́rùn-ún mẹ́ta. Olúkúlùkù wọn kò ju owó tí ó ti gbó lọ. Nítorí pé inú kànga kan náà ni wọ́n ti jáde pẹ̀lú pẹpẹ àti ohun ìrúbọ mìíràn ni a fi mọ̀ pé àwọn olùjọ́sìn ló fi wọ́n ta òrìṣà omi náà lọ́rẹ. Èyí tí wọ́n jí kó lọ kò lè jẹ́rìí sí nǹkan kan mọ́, kódà bí ó bá tún jáde lọ́jà lónìí.